Bí Ẹ Ṣe Lè Tẹ́ Òdòdó Portulaca Sílẹ̀ n'Íbàdàn Kí Òjò Má Baà Pa Á

Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ n'Íbàdàn báyìí ni ìbéèrè kan náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé: "Òdòdó mi tó tanná rẹpẹtẹ lóṣù Kẹta, kí ló dé tó ń rà láti ìdí?" Àwọn mìíràn á ní tiwọn ò kú, ewé ló kàn ń yọ, kò tanná mọ́. Portulaca, òdòdó tó ń fà nílẹ̀, ni wọ́n ń sọ. Oòrùn Ìbàdàn, bó ti wù kó mú tó, kò rí i gbé ṣe. Omi tó dúró sí ìdí rẹ̀ ló ń pa á, ibòji ni kì í sì í jẹ́ kó tanná. Nítorí náà, ibi tí ẹ máa gbìn ín sí àti ọ̀nà tí omi máa gbà kúrò níbẹ̀ ni mo máa tẹnu mọ́ jù. Ìtọ́jú tó kù lẹ́yìn ìyẹn ò le.

## Ẹ mọ èyí tí ẹ ń rà

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì. Ewé ti àkọ́kọ́ tín-ín-rín, ó rí roboto, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Òdòdó rẹ̀ sì sábà máa ń ní ìpele lórí ìpele. Portulaca grandiflora nìyẹn. Ewé ti èkejì fẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, òdòdó rẹ̀ kì í sábà ju ìpele kan lọ. Portulaca umbraticola ni wọ́n ń pe òun. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èkejì yìí ni kó mú. Ó yára fà, ẹ̀ka rẹ̀ tètè ń ta gbòǹgbò, bí apá kan bá sì bàjẹ́, ẹ ò ní pẹ́ fi òmíràn dí i.

Ìbátan pápásan ni àwọn méjèèjì. Bí pápásan bá ń hù fúnra rẹ̀ nínú ọgbà yín, tó sì ń sanra, inú yín lè dùn: Portulaca náà á gbádùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ja èyí tí ẹ rà sínú ọbẹ̀ o. Ẹ ò mọ oògùn tí wọ́n ti fín sí i. Ẹ má sì jẹ́ kí ajá tàbí ológbò sọ ọ́ di oúnjẹ, nítorí ó lè dà wọ́n láàmú.

Koríko kan wà tó ń fà nílẹ̀ bíi tiẹ̀, emi ilẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ wò. Bí oje funfun bá jáde, ẹ fà á tu. Oje Portulaca mọ́ gaara bí omi ni.

Kí ẹ tó sanwó:

- Ẹ fi ìka méjì tẹ ìdí rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le. Bó bá rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.
- Ẹ gbé ọ̀rá dúdú tí wọ́n gbìn ín sí sókè. Ṣé ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Ṣé kì í ro tótó?
- Ẹ yẹ oríkèé ewé rẹ̀ wò bóyá nǹkan funfun bí òwú wà níbẹ̀. Kòkòrò ni.
- Ẹ lọ láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán. Òdòdó yìí máa ń padé bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, kì í sì í là dáadáa lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹni tó bá lọ rà á nírọ̀lẹ́, ẹnu ọlọ́jà ló máa fi mọ àwọ̀ òdòdó.

## Ibi tí ẹ máa gbìn ín sí

Ó kéré tán, kí oòrùn máa bọ́ sí ibẹ̀ fún wákàtí 6 lóòjọ́; bó bá tó 8, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ yọjú síbẹ̀ ní agogo 9 àárọ̀, ní ọ̀sán gangan àti ní agogo 3. Láwọn àdúgbò tí fẹ́ńsì ti ga, bíi Bódìjà àti Akóbọ̀, ibi tí oòrùn ń pa lọ́sàn-án lè wà nínú ibòji láti àárọ̀ títí di agogo 11. Abẹ́ igi máńgòrò kò dáa rárá: ibòji wà níbẹ̀, ewé tó ń já bọ́ á sì máa bò ó mọ́lẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀. Bí páànù ilé yín ò bá ní ọ̀pá tó ń gba omi, ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé. Ẹ máa rí ìlà tí omi ti gbẹ́ sínú yanrìn. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3, ó kéré tán, sí àárín ìlà yẹn àti òdòdó yín. Bí òjò bá dá, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á ṣì máa ro, ojú kan náà ló sì ń ro sí. Á ṣẹ́ ẹ̀ka, á ta ẹrọ̀fọ̀ sára ewé, á sì hú gbòǹgbò jáde.

Àdúgbò tí ẹ ń gbé náà ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń gbé lórí òkè, bí Màpó, Òkè-Àrẹ̀ tàbí Òkè-Àdó, omi ò ní pẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìṣòro tirẹ̀ ni kí àgbàrá má gbá ilẹ̀ lọ. Ẹni tó wà ní àfonífojì, tí ilé rẹ̀ sún mọ́ odò Ògùnpa tàbí adágún Elẹ́yẹlé, kó má wulẹ̀ dán gbígbìn sórí ilẹ̀ gbalasa wò. Orí ebè gíga nìkan ló lè gbìn ín sí.

Kì í sì í ṣe koríko tí ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti fọ́ ẹ̀ka rẹ̀.

## Ilẹ̀: ibí ni iṣẹ́ wà

Ẹ kọ́kọ́ dán ilẹ̀ yín wò.

1. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 1, kó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ náà.
2. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó fà tán.
3. Ẹ tún bu omi kún un lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ wo aago.

Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ti fà tán kí wákàtí 4 tó pé, ilẹ̀ yín dára. Ẹ lè kọ ebè díẹ̀ kí ẹ sì gbìn. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 4, amọ̀ ló pọ̀ níbẹ̀, ẹ ní láti gbé ilẹ̀ sókè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: kí èèyàn da yanrìn díẹ̀ sínú ilẹ̀ amọ̀, kó rò ó pọ̀, kó ní òun ti tún un ṣe. Amọ̀ àti yanrìn díẹ̀ máa ń mú ara wọn ni. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́, á le gan-an. Bí òjò bá rọ̀, omi ò ní rí ibi gbà. Ẹ fi amọ̀ yẹn sílẹ̀ nísàlẹ̀, kí ẹ gbé ilẹ̀ mìíràn lé e lórí.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

1. Ẹ fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀ náà díẹ̀, kó má baà dán nísàlẹ̀.
2. Ẹ to bulọ́ọ̀kù íǹṣì 6 yí i ká ní ìpele kan, ẹ dá a dúró kó ga tó íǹṣì 9. Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì dí àárín wọn. Àárín yẹn ni omi máa gbà jáde.
3. Ẹ po ilẹ̀dú ìwọ̀n 2, yanrìn ṣáápù ìwọ̀n 2, àti òkúta wẹ́wẹ́ tàbí èédú fífọ́ ìwọ̀n 1. Ike pẹ́ńtì ni ẹ fi wọ̀n ọ́n ni o, wíìlìbárò ni o, kí ẹ ṣáà máa lo ẹyọ kan náà.
4. Ẹ da á sínú bulọ́ọ̀kù, kí àárín rẹ̀ ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ.
5. Ẹ bomi rin ín, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilẹ̀ náà á rọlẹ̀ díẹ̀, koríko tó bá wà nínú ilẹ̀dú á hù, ẹ á sì fà á tu kí ẹ tó gbin ohunkóhun.

Lórí ọ̀rọ̀ yanrìn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà yín ní èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri. Ìyẹn kúnná jù, ó sì máa ń dí. Ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Yanrìn ṣáápù máa ń ha èèyàn lọ́wọ́. Bí ẹ bá da á nù, àtẹ́lẹwọ́ yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èyí tí kò dáa á rọ̀, á sì fi ẹrẹ̀ pupa sílẹ̀ nínú ìlà ọwọ́ yín.

Ẹ má po ìgbẹ́ adìyẹ tútù mọ́ ọn. Òórùn ti ẹ̀ kéré nínú wàhálà rẹ̀: ó ń jó gbòǹgbò, bó bá sì ṣèèṣì má jó o, ewé nìkan lẹ máa rí.

Ẹni tí kò lè ra bulọ́ọ̀kù lè kó táyà àtijọ́ jọ, kó gbé wọn sórí òkúta wẹ́wẹ́, kó sì kó ilẹ̀ pípò yẹn sínú wọn. Kò lẹ́wà lójú gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n òdòdó ò bìkítà.

## Gbígbin ẹ̀ka

Ọ̀nà tó yá jù nìyí. Ọ̀rá òdòdó kan tí ẹ rà lè fún yín ní ẹ̀ka tó máa bo ebè kékeré.

1. Láàárọ̀, ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó íǹṣì 3 sí 4. Èyí tí kò ní òdòdó lórí ló dáa jù.
2. Ẹ já ewé ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò.
3. Ẹ tẹ́ wọn sórí bébà níbi tí oòrùn ò ti pa wọ́n, títí di ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ kejì. Ojú gígé yẹn á máa dán nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e. Bó bá ti gbẹ, á ṣú díẹ̀, kò sì ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Àwọn tó fo ìgbésẹ̀ yìí ni ẹ̀ka wọn máa ń rà nínú ilẹ̀ kó tó ta gbòǹgbò.
4. Ẹ fi igi kékeré dá ihò lu nínú ebè. Ẹ má fi ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ gún ilẹ̀.
5. Ẹ ki ẹ̀ka bọ̀ ọ́ tó íǹṣì 1 àbọ̀, kí ẹ rọra tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi íǹṣì 8 sí 10 sí àárín ẹ̀ka kan sí èkejì.
6. Bí ilẹ̀ bá tutù, ẹ má bomi sí i lọ́jọ́ yẹn. Bó bá gbẹ, ẹ wọ́n omi díẹ̀.
7. Bó bá jẹ́ oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta tí ooru mú gan-an, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ 3. Ẹ má gbàgbé láti ká a kúrò.

Láàárín ọjọ́ 7 sí 14, ẹ rọra fa ọ̀kan wò. Bó bá kọ̀ tí kò wá, ó ti ta gbòǹgbò.

Bí ẹ bá fẹ́ oríṣiríṣi àwọ̀, ẹ gbin àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ojú ibi tirẹ̀. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, èyí tó lágbára jù á bo àwọn yòókù mọ́lẹ̀, ebè yín á sì di aláwọ̀ kan.

Irúgbìn ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà ẹ po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ má fi ilẹ̀ bò ó, torí ó nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè hù. Ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ike tí ń fọ́n omi bí ìrì ni kí ẹ lò, kì í ṣe garawa. Á hù láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2. Ẹ má retí pé àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti ìyá rẹ̀.

## Omi rínrin

Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá tutù níbẹ̀, ẹ padà sílé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ máa ń tó fún èyí tó wà lórí ebè. Èyí tó wà nínú ìkòkò lè fẹ́ ẹ ní ọjọ́ méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ bomi sí ìdí rẹ̀ láàárọ̀, kì í ṣe sórí òdòdó.

Ewé rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀:

- Ó hun jọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà: òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá bomi sí i lónìí, ó lè ti sanra padà lọ́la.
- Ó wú, ó di yẹ́lò, ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbà á kọjá, ó sì ń já bọ́ bí ọwọ́ bá kàn án: omi ti pọ̀ jù.

Ewé tó rẹ̀ nítorí òùngbẹ àti èyí tó rẹ̀ nítorí pé gbòǹgbò ti rà jọra bí ẹ bá dúró lókèèrè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń bomi sí èyí tí omi ti ń pa lọ. Ẹ fi ìka yẹ ilẹ̀ wò ná.

## Nígbà òjò

Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Keje, àti nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ yéé bomi rin èyí tó wà níta. Kódà bí òjò ò bá rọ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí òjò tó le, ẹ gé e kù sí nǹkan bí ìdajì. Ebè tó ti dí gbọ̀ngbọ̀n máa ń há omi mọ́ àárín, atẹ́gùn ò sì ní rí ọ̀nà gbà. Ẹ ṣa ewé gbígbẹ àti òdòdó tó ti rọ kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ yẹ àárín bulọ́ọ̀kù wò kí ẹrẹ̀ má ti dí i.

Bó bá ti ń rà, ẹ máa mọ̀. Ẹ fa ẹ̀ka tó dà bíi pé ó rẹ̀. Bó bá tú sí yín lọ́wọ́ láìjanpata, ẹ wo ìdí rẹ̀, níbi tó ti kan ilẹ̀: á ti di dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀, á rọ̀ pẹ̀tẹ̀, awọ ara rẹ̀ á máa bọ́, á sì máa rùn. Èyí tó ti dé ibẹ̀ kò gbóògùn. Ohun tí ẹ lè ṣe:

1. Ẹ hú gbogbo ibi tó ti rà, ẹ kó o jù nù. Ẹ má fi í ṣe ajílẹ̀.
2. Ẹ gé orí ẹ̀ka tó ṣì le, tí inú rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá rí àmì dúdú láàárín ojú gígé, ẹ tún gé e sókè sí i.
3. Ẹ tẹ́ wọn síbi tí oòrùn ò ti pa wọ́n bí mo ṣe sọ lókè, kí ẹ gbìn wọ́n sínú ike lábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ń dé ṣùgbọ́n tí òjò ò lè dé.
4. Ẹ tú ilẹ̀ ibi tó ti rà, kí oòrùn pa á, kí ẹ tó gbin nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Kódà bí tiyín ò bá ṣe nǹkan kan, ẹ fi ẹ̀ka díẹ̀ pa mọ́ sínú ike kan lóṣù Karùn-ún. Inú rẹ̀ lẹ máa ti rí èyí tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

## Àkókò wo ló dáa jù?

- Ìparí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá: ó dáa jù. Òjò ti ń lọ, oòrùn ń bọ̀, á sì tanná dé oṣù Kẹta.
- Oṣù Kẹta sí Kẹrin: ó dáa, á ta gbòǹgbò kí òjò tó le.
- Ìsinmi òjò oṣù Kẹjọ: ẹ lò ó fún gígé àti títún ebè ṣe.
- Oṣù Kẹfà àti Keje: ẹ má gbìn ín síta.

Bí ọyẹ́ bá dé, erukú á bo ewé. Ẹ fi omi ṣan án láàárọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn ọjọ́ náà gbẹ ẹ́.

## Bí kò bá tanná

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò bí mo ṣe tò ó:

- Ṣé oòrùn wákàtí 6 ń dé ibẹ̀ lóòótọ́? Ó ṣeé ṣe kí igi aládùúgbò ti dàgbà sí i láti ìgbà tí ẹ gbìn ín.
- Ṣé ẹ da ajílẹ̀ sí i? Èyí tí náítírójìn pọ̀ nínú rẹ̀, bíi yùríà, ewé ló ń mú jáde. Ilẹ̀dú tí ẹ pò ti tó o jẹ. Bí ẹ ò bá fọkàn balẹ̀, ẹ wọ́n ajílẹ̀ NPK 15-15-15 díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, kó má kan ẹ̀ka.
- Ṣé ó ti gùn jù, tí àárín rẹ̀ sì pá? Ẹ gé e. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ni kí ẹ gé kúrò. Òdòdó tuntun á yọ lórí ẹ̀ka tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.
- Ṣé àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń dé bá a? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń jáde ní agogo 6 tó sì ń wọlé ní agogo 7 alẹ́ ló ń sọ pé òdòdó òun kì í là. Ó ń là. Ẹ bi àwọn tó wà nílé.

Òdòdó kọ̀ọ̀kan kì í kọjá ọjọ́ kan. Ẹ má dààmú bí ti àná bá rọ.

## Kòkòrò àti ẹran ọ̀sìn

Fún kòkòrò funfun bí òwú tàbí àwọn kéékèèké tó ń fa oje orí ẹ̀ka, ẹ po ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí kékeré 1, sínú omi lítà 1, kí ẹ fín in nírọ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀ka kan, kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Omi ewé dóńgóyárò tí a gún tí a sì sẹ́ náà dára. Bí èèrà bá ń gùn ún ṣáá, oje àwọn kòkòrò yẹn ni wọ́n ń wá. Ẹ lé kòkòrò, èèrà á lọ. Ìgbín kéékèèké máa ń jẹ ẹ́ lóru nígbà òjò, ọwọ́ ni kí ẹ fi ṣà wọ́n.

Ewúrẹ́ ni wàhálà tó ju kòkòrò lọ n'Íbàdàn. Bí géètì bá ṣí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ebè yín lè di ìdí lásán. Adìyẹ náà á máa tú u níbi tó ti ń wá kòkòrò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì yí i ká títí gbòǹgbò á fi múlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ewúrẹ́ bá tilẹ̀ jẹ orí rẹ̀, ó ṣì lè rú padà.

## Bí ibi tí ẹ ní ò bá gbà á

Ibi tí ibòji pọ̀ sí: ewéko tí wọ́n ń pè ní Tradescantia máa ń gbà á, ó sì fara da òjò, àmọ́ òdòdó rẹ̀ kò tó nǹkan, ewé rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀. Ibi tí omi máa ń dúró sí lẹ́yìn òjò: ẹ fi koríko síbẹ̀, ẹ má fowó ṣòfò.

Ayálégbé tí kò fẹ́ kọ ebè sílé onílé lè gbìn ín sínú ike pẹ́ńtì tàbí bàsíà tó ti là, kó lu ihò bíi mẹ́fà sísàlẹ̀ rẹ̀, kó sì gbé e lé òkúta méjì kí omi lè máa jáde. Ìkòkò tó fẹ̀ sàn ju èyí tó jìn lọ, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìnnà. Bí ẹ bá ń kó kúrò, kò pọn dandan kí ẹ gbé ike lọ. Ẹ gé ẹ̀ka ìkúnwọ́ kan, ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ wé e, ẹ má fi ọ̀rá dì í, kí ẹ má sì wọ́n omi sí i. Ó lè lo ọjọ́ bíi mélòó kan bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó rí àyè gbìn ín sílé tuntun.